Wáìnì pupa wo ló bá ọbẹ̀ ata mu? Bẹ́ ẹ ṣe lè rà á n'Íkòyí láìjẹ gbèsè

Ẹni tó bá wọ súpámákẹ́ẹ̀tì lójú pópó Awólọ́wọ̀, n'Íkòyí, lọ́jọ́ Sátidé, tó sì dúró díẹ̀ níwájú pẹpẹ tí wọ́n to ọtí sí, yóò rí nǹkan kan. Àwọn oníbàárà á gbé ìgò wáìnì, wọ́n á yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n á ti ìka bọ ìdí rẹ̀ wò bóyá ó jìn, wọ́n á wo iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á dá a padà. Nígbẹ̀yìn, èyí tó wọ́n jù tápò wọn ká ni wọ́n máa gbé, torí wọ́n ti gbà pé ọjà tó bá wọ́n ló dáa. Wọ́n á gbé e délé, wọ́n á bù ú mu pẹ̀lú ìrẹsì ọ̀fadà àti ayamáṣe, ẹnu á máa jó wọn bí iná, wáìnì ọ̀hún á sì korò lẹ́nu wọn bí ewúro. Wọ́n á ní àwọn òyìnbó nìkan ló mọ ohun tí wọ́n ń rí nínú nǹkan yìí.

Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Wáìnì yẹn lè máà ní àléébù kankan, oúnjẹ tí wọ́n fi pàdé ni kò bá a mu. Pẹ̀lú bí owó náírà sì ṣe rí lásìkò yìí, ẹni tó ra ìgò tí kò bá oúnjẹ rẹ̀ mu ti da owó sínú omi. Ẹ̀yin tí ẹ̀sìn yín ò gba ọtí láàyè, tàbí tẹ́ ẹ kàn ti pinnu pé ẹ ò ní í mu, ẹ má bínú sí wa. Ẹ lè kà á láti mọ bí owó ṣe ń rìn nídìí òwò náà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń ṣe ìnáwó táwọn àlejò ti ń béèrè fún un.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi owó bẹ̀rẹ̀. Fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wáìnì pupa tó wà lórí pẹpẹ n'Íkòyí ló jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá, láti South Africa, Chile, Argentina, Spain, Faransé, Ítálì tàbí California l'Amẹ́ríkà. Dọ́là tàbí yúrò ni ẹni tó kó o wọlé fi san án. Kí báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, tó tú náírà sílẹ̀ fún ọjà lóṣù kẹfà, ọdún 2023, bíi 470 náírà ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan ní iye tíjọba. Nígbà tá a fi wà láàárín ọdún 2024, ó ti tó 1,500 náírà. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ká ní dọ́là mẹ́rin ni ẹni tó ṣe wáìnì kan ń ta ìgò rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, 1,880 náírà nìyẹn. Ó wá di 6,000 náírà, bẹ́ẹ̀ wọn ò tí ì gbé e sínú ọkọ̀, aṣọ́bodè ò sì tí ì fojú kàn án. Lẹ́yìn èyí ni owó ọkọ̀, owó èbúté l'Ápápá tàbí Tin Can, owó aṣọ́bodè, VAT tó ti di ìdá méje ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún láti oṣù kejì, ọdún 2020, owó ilé ìkẹ́rùsí, àti èrè àwọn alágbàtà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ oníbàárà ò rò dé ibẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú ìnáwó yẹn kì í wo irú ọtí tó wà nínú ìgò. Iye kan náà ni wọ́n ń san lórí kọ̀ǹténà, ì báà jẹ́ wáìnì pọ́ọ́kú ló kún inú rẹ̀, ì báà jẹ́ èyí táwọn olówó ń mu. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá gbé ìgò tó kéré jù lórí pẹpẹ, ìgò, páálí àti ọkọ̀ lẹ kó ọ̀pọ̀ owó yín fún, ọtí tó wà nínú rẹ̀ ò tó nǹkan. Tẹ́ ẹ bá fi díẹ̀ lé e, ọtí gan-an ni púpọ̀ nínú àfikún yẹn ń bá lọ. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá tún gòkè ju bẹ́ẹ̀ lọ, orúkọ lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún. Lójú tèmi, ìgò tó tó owó rẹ̀ kì í sábà wà lókè téńté, àkàbà kejì tàbí ìkẹta láti ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa wá a.

Orúkọ ìlú náà ń gbowó. Ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Châteauneuf-du-Pape, wáìnì ibẹ̀ kì í ṣe ti tálákà. Ṣùgbọ́n nítòsí rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe Côtes du Rhône, èso àjàrà kan náà ni wọ́n sì ń lò jù: Grenache, Syrah àti Mourvèdre. Ó dà bí ilẹ̀ Ìkòyí àti ilẹ̀ Ajah. Èèyàn lè kọ́ irú ilé kan náà sórí méjèèjì, àdírẹ́sì ló máa sọ iye tí wọ́n máa gbà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dín owó náà kù gan-an, ẹ gba Obalende, kẹ́ ẹ wọ Ìsàlẹ̀ Èkó lọ. Ọjà Òkè-Àrín, nítòsí Ìdúmọ̀tà, ló jẹ́ ọ̀kan lára ibi táwọn oníṣòwò ti ń ra ọtí ní páálí. Ìgò mẹ́fà tàbí méjìlá ló máa ń wà nínú páálí wáìnì. Bí ọ̀rẹ́ mẹ́ta bá dáwó jọ ra páálí kan, owó tí wọ́n máa fi ṣẹ́kù á ju owó ọkọ̀ wọn lọ. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Owó tẹ́ ẹ ń san lé e n'Íkòyí, owó ilé àti jẹnẹrétọ̀ ni, àmọ́ ẹ̀rọ amúlétutù yẹn náà ló ń dáàbò bo wáìnì. Wáìnì tó bá ti dúró sínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti sè nínú ìgò. Ẹ wo kọ́ọ̀kì rẹ̀: tó bá ti yọrí sókè díẹ̀, tàbí tí ọtí ti ń sun jáde létí rẹ̀, ooru ti bà á jẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Ata inú wáìnì kì í ṣe ata rodo

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Táwọn tó mọ̀ nípa wáìnì bá sọ pé wáìnì kan ní ata nínú, wọn ò sọ pé ó máa ta yín lẹ́nu. Òórùn ni wọ́n ń sọ, òórùn tó jọ ti ìyèré, kànáfùrù, tàbí ata dúdú tí wọ́n ń lọ̀ sórí ẹyin. Kò sẹ́ni tó bu ata sí i o. Ara èèpo èso àjàrà ló ti wá. Lọ́dún 2008, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Australia gbé e jáde pé èròjà kan tó ń jẹ́ rotundone ló ń fún Shiraz ní òórùn ata, èròjà yẹn kan náà ló sì wà nínú ata dúdú. Wọ́n tún rí i pé nínú èèyàn márùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan máa wà tí imú rẹ̀ ò ní í gbọ́ òórùn ọ̀hún rárá. Nítorí náà, tí ọkọ bá ní òun ń gbọ́ òórùn ata, tí ìyàwó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan, kí wọ́n má torí ẹ̀ jà.

Ata rodo ní tiẹ̀, iná ló ń dá. Èròjà tó ń jẹ́ capsaicin tó wà nínú rẹ̀ máa ń tan ara jẹ, ibi tí ara fi ń mọ̀ pé nǹkan gbóná ló ń lọ tẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí tí David Julius, ọmọ Amẹ́ríkà, ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó fi gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2021. Ọtí líle náà máa ń tẹ ibi kan náà. Ẹ wá fojú inú wo ẹni tó jẹ ata rodo, tó tún da wáìnì tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún lé e lórí. Epo ló dà síná yẹn.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ohun tí wọ́n ń pè ní tannin. Bẹ́ ẹ bá ti jẹ kajú tí kò pọ́n dáadáa rí, tàbí obì, tí ẹnu yín wá gbẹ, tó fún pọ̀, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Wáìnì pupa tí tannin rẹ̀ pọ̀, bíi Cabernet Sauvignon tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, máa ń mú kí ata ta ju bó ṣe yẹ lọ, ata náà á sì mú kí wáìnì yẹn korò. Àwọn méjèèjì á máa bára wọn jà lẹ́nu ẹni tó fowó ara rẹ̀ ra wọ́n.

Ẹ wo ara ìgò kẹ́ ẹ tó sanwó, wọ́n máa ń kọ agbára ọtí síbẹ̀. Tó bá jẹ́ oúnjẹ olóata, ẹ wá èyí tó wà láàárín 12 sí 13.5. Èyí tó bá ti di 14.5 sókè, ẹ fi í pa mọ́ de ọjọ́ tẹ́ ẹ bá sun ẹran láìfi ata sí i.

Mo tún fẹ́ gbèjà àwọn kan. N'Íkòyí, wọ́n máa ń fi àwọn tó fẹ́ràn wáìnì aládùn ṣe yẹ̀yẹ́, pé ará oko ni wọ́n. Four Cousins, tí ilé iṣẹ́ Van Loveren ń ṣe ní Robertson, ní South Africa, wà lára èyí tí wọ́n máa ń fi bú wọn. Bẹ́ẹ̀, ṣúgà máa ń pa iná ata. Ẹni tó bá tutù sínú fíríìjì, tó wá fi mu pẹ̀lú ẹran olóata rodo, ó mọ ohun tó ń ṣe ju ẹni tó ra Bordeaux olówó gọbọi lọ. Àwọn bàbá wa náà mọ̀ ọ́n. Ẹmu tó ṣì dùn, tí agbára rẹ̀ ò tí ì pọ̀, ni wọ́n fi ń ti ẹran ìgbẹ́ olóata lẹ́yìn.

Èwo ni ká wá rà?

Shiraz lẹ máa rí jù, òun náà ni Faransé ń pè ní Syrah. Ti South Africa ló sábà máa ń pọ́ọ́kú jù l'Ékòó, torí ọ̀nà rẹ̀ ò jìn bíi ti Australia. Nederburg àti Drostdy-Hof wà lára orúkọ táwọn ará Èkó mọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe méjèèjì, Distell, bọ́ sọ́wọ́ Heineken lọ́dún 2023, nígbà tó sì di ọdún 2024, Nigerian Breweries, tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ bíà Star, ra ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ilé iṣẹ́ Distell tó wà ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ń ta ọtí gbọ́dọ̀ fojú sí ìyẹn, torí àwọn tó ń gbé bíà dé gbogbo kọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí ti wọ òwò wáìnì tọwọ́ tẹsẹ̀.

Sùyá ni mo máa fi Shiraz pàdé. Ẹran màlúù ọlọ́ràá ni, ọ̀rá àti ẹran sì máa ń rọ tannin lẹ́nu. Èéfín wà lára rẹ̀, kúlíkúlí wà nínú yàjì rẹ̀, ata ilẹ̀ náà wà níbẹ̀. Òórùn ata dúdú inú Shiraz á wọlé sáàárín wọn bí ọmọ ìyá. Ẹni tó bá ra sùyá ní Glover Court tàbí l'Óbalendé lálẹ́, kó sọ fún mọ́làmù pé kó má fi yàjì bò ó mọ́lẹ̀, kó wé ti ẹ̀gbẹ́ sọ́tọ̀. Ìyẹn nìkan á mú kí wáìnì náà dùn sí i, kò sì ní ná yín ní kọ́bọ̀.

Ọ̀fadà àti ayamáṣe ló lè jù, mo sì ti rí èyí tó bá a mu: Carmenère ti Chile. Ìtàn wà nídìí èso yìí. Láti Bordeaux ni wọ́n ti kó o dé Chile ní nǹkan bí ọdún 1850 sí i, wọ́n gbìn ín pọ̀ mọ́ Merlot, wọ́n sì ń ta á ní Merlot fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 1994 ni ọmọ Faransé kan, Jean-Michel Boursiquot, wo ewé rẹ̀ tó ní irọ́ ni, Carmenère lèyí. Òórùn rẹ̀ máa ń jọ ti tàtàṣé tí kò tí ì pọ́n, ata tútù yẹn gan-an ni wọ́n sì ń fi se ayamáṣe. Casillero del Diablo, ti ilé iṣẹ́ Concha y Toro, ní Carmenère tó ṣeé rí n'Íkòyí. Kò wọ́n jù, kò sì rẹlẹ̀.

Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ń fẹ́ wáìnì tó kan díẹ̀, torí tòmátì náà kan. Primitivo ti gúúsù Ítálì dáa fún un. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé èso kan náà ni Primitivo àti Zinfandel ti California, àyẹ̀wò DNA ló fi hàn bẹ́ẹ̀. Ẹ ra èyíkéyìí tó bá pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n ẹ yẹ agbára rẹ̀ wò, torí méjèèjì lè le. Àsun, ẹ fún un ní Garnacha ti Spain tàbí Côtes du Rhône. Pinotage náà lè bá a lọ, èso tí ọ̀jọ̀gbọ́n Perold fi Pinot Noir àti Cinsaut bí ní Stellenbosch lọ́dún 1925.

Ẹ̀fọ́ rírò ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, pàápàá èyí tí edé, pańla àti ẹja gbígbẹ kún inú rẹ̀. Lọ́dún 2009, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Japan ṣàlàyé pé irin tó wà nínú wáìnì pupa ló máa ń fa òórùn ẹja burúkú téèyàn máa ń gbọ́ lẹ́nu lẹ́yìn tó bá fi í mu pẹ̀lú ẹja. Àwọn Àgùdà tó wà ní Pópó Àgùdà àti Campos, l'Érékùṣù Èkó, tí wọ́n ń jẹ frejon pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja lọ́jọ́ Gúúdù Fúráídè, á gbádùn wáìnì funfun tàbí èyí tó pọ́n díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n ń pè ní rosé ju pupa lọ, torí àgbọn inú frejon dùn. Pẹpẹsúùpù ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu bíà tàbí omi tútù. Wáìnì tó máa bá a mu, mi ò tí ì pàdé rẹ̀.

Ooru Èkó àti ọwọ́ àwọn ayédèrú

Wọ́n ní inú yàrá ni kí wáìnì pupa wà, kó má tutù. Yàrá òyìnbó ni wọ́n ń sọ, níbi tí ooru rẹ̀ kì í ju 18 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Yàrá tiwa lè tó 30 nígbà tí wọ́n bá múná lọ. Wáìnì tó gbóná bẹ́ẹ̀ á máa rùn bí ọtí ògógóró, agbára rẹ̀ á sì bo gbogbo adùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ gbé e sínú fíríìjì fún ìdajì wákàtí kẹ́ ẹ tó ṣí i. Tí oúnjẹ bá lóata gan-an, ẹ jẹ́ kó pẹ́ tó ìṣẹ́jú márùn-dín-láàádọ́ta. Nínú gbogbo ìmọ̀ràn tó wà nínú àròkọ yìí, èyí ló lérè jù, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ìdí ìgò tó jìn kò túmọ̀ sí pé ọtí inú rẹ̀ dáa, ìgò tó wúwo náà ò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ìdérí tí wọ́n ń fọwọ́ yí kì í ṣe àmì ọjà pọ́ọ́kú, ó sì dára fún ooru wa ju kọ́ọ̀kì lọ. Ọjọ́ orí náà ń tan èèyàn jẹ. Wáìnì tí iye rẹ̀ ò pọ̀, wọ́n ṣe é kí wọ́n lè tètè mu ún ni. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tó ti pé ọdún mẹ́jọ lórí pẹpẹ, ọjà tí wọn ò rí tà ni.

Ti ayédèrú ni ẹ̀rù ń bà mí jù. Láti ìgbà tí Olóògbé Dora Akunyili ti wà nípò olórí NAFDAC, láàárín ọdún 2001 sí 2008, la ti ń gbọ́ pé ká máa wo nọ́ńbà NAFDAC lára ọjà, kò sì yẹ ká dẹ́kun. Lóṣù kejìlá, ọdún 2023, òṣìṣẹ́ àjọ náà ya wọ ọjà Eziukwu nílùú Aba, wọ́n bá ibi tí wọ́n ti ń po ọtí ayédèrú, tí wọ́n ń rọ ọ́ sínú ìgò tó lórúkọ. Ìgò òfìfo ni wọ́n nílò. Nítorí náà, lẹ́yìn ìnáwó yín, ẹ fọ́ ìgò tàbí kẹ́ ẹ ya ìwé ara rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dà á nù. Ìgò tí ìwé ara rẹ̀ wọ́, tí ìdérí rẹ̀ ti yí sílẹ̀ díẹ̀, tàbí tó pọ́ọ́kú ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ má rà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé oúnjẹ, ọ̀rọ̀ yín rèé. Ìgò kan jẹ́ 75cl, ife márùn-ún tó jẹ́ 15cl ló máa bù. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ kárí ayé máa ń ta ìgò ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta iye tí wọ́n rà á, oníbàárà tó mọ iye rẹ̀ ní súpámákẹ́ẹ̀tì á sì yọwọ́. Ẹ máa tà á ní ife. Wáìnì inú páálí, tí wọ́n fi ọ̀rá sí inú rẹ̀, kì í bàjẹ́ fún bí oṣù kan lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣí i, nítorí afẹ́fẹ́ ò ráyè wọlé. Lítà márùn-ún máa bu ife mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Àwọn èèyàn wa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá wà nínú ife, ta ló máa mọ̀? Ẹ má sì rò pé oúnjẹ wa ò yẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáìnì. Ní London, ilé oúnjẹ kan wà tó ń jẹ́ Ikoyi, Iré Hassan-Odukale àti Jeremy Chan ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2017. Èròjà ọbẹ̀ ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n gba ìràwọ̀ Michelin àkọ́kọ́ lọ́dún 2018, wọ́n sì gba ìkejì lọ́dún 2022.

Oníbàárà tó ń lọ jẹun níta lè tẹ ilé oúnjẹ náà láago kó tó lọ, kó béèrè iye tí wọ́n máa gbà tó bá gbé ìgò tirẹ̀ wá. Ẹlòmíràn á gbà, ẹlòmíràn á kọ̀. Tó bá délé tí wáìnì ṣẹ́kù, kó dé e padà, kó gbé e sínú fíríìjì, ó lè mu ún dọ́jọ́ kẹta. Tó bá ti kọjá ìyẹn, kó dà á sínú ìkòkò ẹran màlúù tó ń bọ̀, pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ewé efinrin, kó tó gbé ata kaná.